Knute Rockne, Olùkọ́ Eré Bọ́ọ̀lù ní Notre Dame

Bí a bá dárúkọ eré bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wa, eré tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Eré tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bọ́ọ̀lù yàtọ̀ gédégédé sí tiwa. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe rìbìtì. Ó gùn bí ẹyin ńlá, ó sì ṣe ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú sí ara wọn. Ènìyàn 11 ni ó ń bẹ ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọn a tún gba àǹfààní mẹ́rin mìíràn; bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti àwọn alátakò wọn. Àwọn alátakò náà kì í sì í dúró kí wọ́n máa wòran. Wọn a fi èjìká gbún ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù, wọn a dì í mú, wọn a sì gbé e ṣánlẹ̀.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò ní àtijọ́ pé eré àwọn òmìrán ni, àti pé ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sanra jù, tí wọ́n sì lágbára jù, ni yóò máa borí nígbà gbogbo. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ yìí wà lára àwọn tí ó fi hàn gbangba pé ọgbọ́n ju agbára lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Knute Rockne. Ọdún 13 ni ó fi jẹ́ ọ̀gá olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Notre Dame, iṣẹ́ tí ó sì ṣe níbẹ̀ ni ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀ di èyí tí orúkọ rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1888 ni a bí Rockne ní ìlú Voss ní ilẹ̀ Norway, ìlú kékeré kan tí òkè yí ká, níbi tí òjò dídì ti máa ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù. Lars ni orúkọ baba rẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ ẹṣin kíkàn ni ó sì ń ṣe. Ní ọdún 1893, ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti pàtẹ ohun tí wọ́n ṣe. Lars ré òkun kọjá láti lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ hàn. Ilẹ̀ náà wù ú, ó sì ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Rockne nígbà náà. Báyìí ni ó ṣe dàgbà ní Chicago gẹ́gẹ́ bí ọmọ àlejò, tí ó ń kọ́ èdè tuntun, tí ó sì ń bá àwọn ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn ilẹ̀ òfìfo tí a kò tíì kọ́lé sí.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, kò ní owó tí ó lè fi lọ sí yunifásítì. Kò tìtorí èyí jókòó kí ó máa ráhùn. Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ìlú Chicago, níbi tí ó ti ń ṣa lẹ́tà, tí ó sì ń pín wọn sí ọ̀nà ibi tí olúkúlùkù wọn ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yunifásítì, wọ́n ka ìwé wọn tán, òun sì wà ní ìdí lẹ́tà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń parí ni ó ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọdún 1910, nígbà tí ó di ẹni ọdún 22, owó náà tó. Yunifásítì Illinois ni ó kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ sárésáré ń lọ sí Notre Dame, wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé kí ó bá àwọn lọ, nítorí pé ìnáwó ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti ibòmíràn.

Ẹ̀bá ìlú South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana ni Notre Dame wà. Àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1842, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ìjọ Luther ni Rockne nígbà tí ó dé ibẹ̀. Ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, kò sì ní owó bí i ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń gbá yàrá tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ó sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, kí ó lè rí owó san. Ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n dán an wò nínú eré bọ́ọ̀lù, kò ṣe dáadáa, wọ́n sì dá a padà sí ẹ̀yìn. Kò ga, kò sì sanra. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà kò lè sọ pé yóò di nǹkan kan nínú eré àwọn òmìrán. Ó yà sí ìdí eré sísá àti fífi ọ̀pá fò sókè títí ara rẹ̀ fi le, lẹ́yìn náà ni ó padà sí ìdí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1913, òun ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Notre Dame.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a sọ bí eré náà ti rí ní ìgbà náà. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú, ipá nìkan ni wọ́n ń lò. Àwọn ènìyàn a wọ́ pọ̀, wọn a sì rọ́ lu ara wọn bí àgbò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó fi ara pa, àwọn mìíràn tilẹ̀ kú lórí pápá. Ní ọdún 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn olórí eré náà jọ, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Lára àwọn òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1906 ni èyí tí ó fi àyè gbà wọ́n láti ju bọ́ọ̀lù síwájú ní òfuurufú sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan lo òfin yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá ti ìhà ìlà-oòrùn kò kà á sí. Ní ojú tiwọn, ẹni tí agbára kò sí lára rẹ̀ ni ó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ní ìgbà ìsinmi ọdún 1913, Rockne àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gus Dorais lọ ṣiṣẹ́ ní Cedar Point, ibi ìgbafẹ́ kan tí ó wà ní etí adágún ńlá ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n mú bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́, etí omi ni wọ́n ń lọ. Dorais a ju bọ́ọ̀lù, Rockne a sáré nínú iyanrìn, a sì hán an. Kì í dúró de bọ́ọ̀lù kí ó tó gbá a mú. Ó kọ́ bí a ti í fi ìka ọwọ́ gbà á lórí eré, láìdúró rárá. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn tí ó wá gbafẹ́ lè rò pé wọ́n ń ṣeré lásán ni, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Notre Dame lọ pàdé ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní West Point. Àwọn ọmọ ogun náà ga, wọ́n síngbọnlẹ̀, orúkọ wọn sì ti dún. Wọ́n rò pé eré ọ̀sán kan lásán ni. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Dorais bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù gba orí àwọn òmìrán náà kọjá, Rockne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń hán an lẹ́yìn wọn. Bí àwọn ọmọ ogun bá sún sẹ́yìn láti ṣọ́ bọ́ọ̀lù tí ń bọ̀ lókè, àwọn ọmọ Notre Dame a gbé e sáré gba àárín. Bí wọ́n bá tún fún àárín pọ̀, bọ́ọ̀lù a tún gba òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni Dorais ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó jù ú sí. Notre Dame gba àmì 35, àwọn ọmọ ogun gba 13. Dorais àti Rockne kọ́ ni ó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú nínú eré yìí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn ti mọ̀ pé ohun tí àwọn ń fojú tín-ín-rín lè lé àwọn kúrò lórí pápá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Rockne fi ìwé sílẹ̀ nítorí eré. Ní ọdún 1914 ni ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn, ó sì yege pẹ̀lú ọlá. Ní ọdún yìí kan náà ni ó fẹ́ Bonnie Skiles, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sì bí. Notre Dame gbà á gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì lábẹ́ Julius Nieuwland, àlùfáà àti onímọ̀ ńlá tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀nà fún rọ́bà àtọwọ́dá, èyí tí a ń ṣe láìsí oje igi. Wọ́n sì gbà á láàyè láti máa ran Jesse Harper, olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ báyìí, èkíní ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, èkejì ọ̀nà pápá. Nígbà tí Harper fi iṣẹ́ sílẹ̀, Rockne di ọ̀gá olùkọ́ ní ọdún 1918, ọ̀nà pápá ni ó sì tọ̀ dé òpin.

Ọdún tí ó burú ni ó bọ́ sí. Ogun àgbáyé kìíní ti kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, àrùn lùkúlùkú sì ń pa ènìyàn káàkiri ayé. Eré mẹ́fà péré ni Notre Dame ṣe ní ọdún náà. Wọ́n borí nínú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò borí nínú méjì, wọ́n sì pàdánù ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1919 eré mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe tí wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀, ní ọdún 1920 wọ́n tún ṣe mẹ́sàn-án, wọ́n tún borí nínú gbogbo rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Bí ó ti ń kọ́ni ní kẹ́mísírì náà ni ó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù. Onímọ̀ kẹ́mísírì kì í da nǹkan pọ̀ lójú afẹ́fẹ́. A máa wọ̀n ọ́n, a máa kíyè sí i, a sì máa tún un ṣe títí kò fi ní sí àṣìṣe mọ́. Rockne a ya àwòrán eré sí ojú pátákó, yóò fi ibi tí olúkúlùkù yóò gbé ẹsẹ̀ sí hàn án, àti ìṣẹ́jú àáyá tí ó yẹ kí ó gbé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ a tò sí ipò kan, wọn a sì ṣípò padà lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn oníjó tí ó gbọ́ ìlù kan, bọ́ọ̀lù a sì ti ṣí kí àwọn alátakò tó mọ ibi tí ó ń lọ. Ọgbọ́n yìí ti wà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe débi pé àwọn aṣòfin eré ní láti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ṣípò padà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó ṣí. Ní ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ eré láti tán agbára àwọn alátakò, kí ó tó kó àwọn ògbóǹtarìgì rẹ̀ jáde ní ara líle.

Ẹni tí ó mọ eré jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni George Gipp. Ó ń sáré, ó ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ jìnnà réré. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Ní òpin eré ọdún 1920, àrùn ọ̀nà ọ̀fun kọlù ú, ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò sí oògùn irú rẹ̀ ní ayé ìgbà náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ni Gipp kú, ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Ikú yìí dun Rockne púpọ̀, a óò sì tún gbọ́ orúkọ Gipp níwájú.

Ọdún 1924 ni ọgbọ́n Rockne hàn jù lọ. Àwọn mẹ́rin ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, orúkọ wọn ni Harry Stuhldreher, Jim Crowley, Don Miller àti Elmer Layden. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, kò sì sí èyí tí ó wọ̀n ju 162 pọ́ùn. Láàrin àwọn òmìrán, ọmọdé ni wọ́n jọ. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ní New York, wọ́n borí àwọn ọmọ ogun West Point ní àmì 13 sí 7. Grantland Rice, akọ̀wé ìwé ìròyìn kan, fi wọ́n wé àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn tí ń mú ìparun bọ̀, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń pè wọ́n ní Ẹlẹ́ṣin Mẹ́rin. Rockne kò jẹ́ kí òkìkí náà gun wọn lórí. Àwọn méje tí ń la ọ̀nà fún wọn níwájú kò sí nínú ìròyìn, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n ní Ìbaaka Méje. Ìtàn sọ pé Rockne fi àwọn Ẹlẹ́ṣin sí pápá nígbà kan láìfi Ìbaaka sí i, kí wọ́n lè rí i pé ẹni tí kò sí ẹni tí ó là á lọ́nà kò lè sáré dé ibì kan.

Wọ́n borí nínú gbogbo eré wọn ní ọdún náà, wọ́n sì rin ìrìn-àjò lọ sí Pasadena ní ìpínlẹ̀ California láti pàdé Yunifásítì Stanford ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1925. Stanford ní Ernie Nevers, alágbára tí ó wọ́ àwọn tí ó dì í mú kiri pápá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni Layden gba bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Stanford jù sí ara wọn ní òfuurufú, tí ó sì gbé e sáré dé òpin pápá láti ọ̀nà jíjìn. Notre Dame gba àmì 27, Stanford gba 10. Ní ọdún 1925 yìí kan náà ni Rockne wọ ìjọ Àgùdà, lẹ́yìn ọdún 15 tí ó ti ń gbé láàrin wọn.

Òkìkí dé, ewu rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1926, Notre Dame ti ṣe eré mẹ́jọ, wọ́n ti borí nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni alátakò sì gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá wọn. Ó wá kan ẹgbẹ́ Carnegie Tech ní ìlú Pittsburgh, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí omi fẹ́ pàdé ní Chicago, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 100,000 yóò ti wòran. Rockne rò pé iṣẹ́ Pittsburgh ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ sí Chicago láti wo àwọn ọmọ ogun orí omi, tí Notre Dame yóò bá pàdé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Walter Steffen, olùkọ́ Carnegie Tech, adájọ́ ni ní Chicago. Ó ń ti Chicago wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Pittsburgh nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí Rockne fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Pittsburgh, tí ó gba Chicago lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, àgbà kò sí lọ́jà. Carnegie Tech gba àmì 19, Notre Dame kò gba ẹyọ kan. Ìròyìn náà bá Rockne níbi tí ó jókòó sí láàrin àwọn òǹwòran. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni Notre Dame pàdánù ní gbogbo ọdún náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí Rockne lè dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ti kọ́ gbogbo Amẹ́ríkà pé kí a má fojú kékeré wo ẹni tí kò lágbára, òun náà ni ó fojú kékeré wo ẹlòmíràn.

Ọdún 1928 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ògbóǹtarìgì ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù fi ara pa. Notre Dame borí nínú márùn-ún, ó pàdánù mẹ́rin. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá wọ́n pàdé àwọn ọmọ ogun West Point ní New York, kò sì sí ẹni tí ó rò pé wọ́n lè borí. Nínú yàrá wọn, Rockne mẹ́nu ba Gipp tí ó ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ní Gipp fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lórí ibùsùn ikú, pé bí ìyà bá ń jẹ ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ kan, kí wọ́n jáde lọ borí nítorí òun. Omi bọ́ lójú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì jáde lọ borí ní àmì 12 sí 6. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti yẹ ìtàn yìí wò ń ṣiyè méjì bóyá Gipp sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí Rockne jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ gbé ọkàn ènìyàn sókè, ó sì máa ń fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé lè jíròrò láàrin ara yín bóyá ó tọ́ kí olùkọ́ fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mú àwọn ọmọ rẹ̀ borí. Èyí tí ó dájú ni pé ọ̀rọ̀ náà gbà wọ́n lọ́kàn ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò gbà wọ́n ní ìparí ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Carnegie Tech wá bá wọn nílé, ó sì nà wọ́n ní àmì 27 sí 7, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti borí wọn láti ọdún 1905.

Rockne padà sí ìdí pátákó rẹ̀. Ní ọdún 1929 wọ́n ń kọ́ pápá tuntun fún Notre Dame, nítorí náà ìdálẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gbogbo eré wọn. Bí eré ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ Rockne. Àwọn oníṣègùn kìlọ̀ fún un pé bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá gbéra dé ọkàn rẹ̀, ikú ni. Ó wà lórí ibùsùn nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn eré kan, ó sì ń fi tẹlifóònù bá àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, tí Notre Dame tún fẹ́ pàdé Carnegie Tech ní Pittsburgh, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró sílé. Wọ́n gbé e wọ yàrá àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí etí pápá lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Notre Dame borí ní àmì 7 sí 0. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó fi ẹgbẹ́ kan náà sílẹ̀. Nígbà tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, ó lọ pàdé wọn. Wọ́n borí nínú gbogbo eré mẹ́sàn-án ọdún náà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1930 ni wọ́n ṣí pápá tuntun náà, Notre Dame sì tún borí nínú gbogbo eré 10 tí wọ́n ṣe. Bí a bá ṣírò gbogbo eré tí Rockne darí láti ọdún 1918, ó jẹ́ 122. Ó borí nínú 105, ó pàdánù 12, márùn-ún sì jẹ́ ọ̀mì. Kò pẹ́ tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ kí ó pẹ́, nítorí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ti súnmọ́lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1931, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Kansas City, ó ń lọ sí Los Angeles nítorí sinimá kan tí wọ́n fẹ́ ṣe nípa eré bọ́ọ̀lù Notre Dame. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ẹ̀bá abúlé Bazaar ní ìpínlẹ̀ Kansas, apá rẹ̀ kan já ní òfuurufú, ó sì ṣubú sínú pápá ẹran. Gbogbo àwọn mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ẹni ọdún 43 ni Rockne. Ààrẹ Hoover ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn, Ọba Haakon ti ilẹ̀ Norway rán aṣojú sí ìsìnkú, ó sì fi oyè dá òkú rẹ̀ lọ́lá. Ìlú South Bend ni wọ́n sin ín sí.

Pákó ni wọ́n fi ṣe apá ọkọ̀ náà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Ìwádìí fi hàn pé omi tí ń wọ inú rẹ̀ ti sọ gọ́ọ̀mù náà di aláìlágbára. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba kì í jẹ́ kí aráyé mọ ohun tí ó ń fa irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Rockne ni ó kú, ariwo náà pọ̀ débi pé wọn kò lè pa á mọ́. Wọ́n dá irú ọkọ̀ náà dúró fún àyẹ̀wò, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì yára kọ pákó sílẹ̀, wọ́n ń fi irin fífúyẹ́ kan ọkọ̀ tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Rockne rí ni ó ti jàǹfààní ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1988, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a bí i, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán Rockne sí ojú sítáǹpù. Ààrẹ Ronald Reagan, tí ó ti ṣe bí Gipp nínú sinimá kan ní ọdún 1940, wá sí Notre Dame fún ayẹyẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ẹni tí ó ti ń ṣa lẹ́tà nígbà èwe rẹ̀ ṣe di èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, a lè gbàgbé iye àmì tí Notre Dame gbà ní ọjọ́ kan tàbí òmíràn. Ohun tí kò yẹ kí a gbàgbé ni iyanrìn Cedar Point àti òfìfo àga ní Pittsburgh. Nígbà tí Rockne múra sílẹ̀, àwọn òmìrán kò lè dá a dúró. Nígbà tí ó gbójú lé òkìkí rẹ̀, ẹni tí kò kà sí ni ó nà án. Ọgbọ́n ju agbára lọ ní òótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá ti rò pé òun kò ní í múra mọ́.